Àmì Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Lọ́rùn Bàbáńrìgá

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Alájì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, ní Kàdúná, wọ́n sì kó gbogbo aṣọ ọ̀gá wọn lọ, èyí tó gbẹ àti èyí tó tutù. Wọ́n yọ èyí tó wà nínú omi ọṣẹ pàápàá. Wọ́n fún un, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, omi sì ń kán láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìkóríta. Kí oòrùn tó rọ̀, àwọn oníbàárà mìíràn ti rán ènìyàn wá kó tiwọn. Okùn tí à ń sá aṣọ sí ṣófo láti orí dé ìdí.

Iná kò jó wa. Ẹnikẹ́ni kò jí wa lẹ́rù. Àmì kékeré kan tí a fi òwú pupa rán sí ọrùn ẹ̀wù ló fa gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni. Èmi Àlàó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni igbá-kejì ọ̀gá mi nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ nìkan ni mo ṣe láyé mi, títí dókítà fi ní kí n jìnnà sí èéfín èédú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń kọ ìròyìn Kàdúná ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan, ó sì ti mọ́ mi lára láti bi ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kí n tó gbé kálámù. Ibi tí èmi kò bá sí nínú ìtàn yìí, mo bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wá bá mi lójoojúmọ́. "Bàbá, ṣé ká kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ká wá iṣẹ́ ọ́fíìsì?" N kò mọ èyí tó dára jù. Èmi tí mo ti fẹ̀yìntì, n kò tíì lè jókòó pẹ́ lórí àga kan. Bí mo bá rí ẹni tí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ká, ọwọ́ á máa yún mi. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ.

Ìtàn bí mo ṣe dé Kàdúná kò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin, ó fà mí lé ọmọ ìlú wa kan lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ìlú wa náà ni Oyèlékè, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi. Gbogbo ayé ń pè é ní Bàbá Díákónì. Oúnjẹ àti ibùsùn ni owó iṣẹ́ mi fún ọdún pípẹ́, ẹ má ṣe bi mí nípa owó.

Ẹ bi mí nípa àmì.

Ní ayé ìgbà náà, aṣọ funfun ọgọ́rùn-ún lè wọ inú ọpọ́n ìfọṣọ kan ṣoṣo, gbogbo wọn á sì jọra bí ẹyin adìyẹ. Ohun tí Bàbá Díákónì ń ṣe ni pé ó máa ń rán àmì sí abẹ́ ọrùn aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú pupa. Ẹnìkan ní àmì ìkọ́, ẹnìkan ní àmì àkàbà, ẹnìkan ní ojú méjì tó ń wo ara wọn. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. "Orí mi ni ìwé mi," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọṣẹ́ pàápàá kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá ń jẹun lọ́wọ́, á ju ṣẹ́ẹ̀tì kan lu èèyàn láyà.

"Ti ta ni?"

"Ti dókítà òyìnbó tó wà lẹ́bàá odò, sà."

"Àkàbà náà, ìgbésẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta, sà."

"Mẹ́rin ni ti dókítà. Ti adájọ́ ni mẹ́ta. Gbé ẹ̀bà yẹn kalẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí adájọ́ wọ ṣòkòtò dókítà lọ sí kóòtù?"

Ẹ̀bà á di gbígbé kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dèbórà, ló máa ń bu òmíràn fún wa lẹ́yìn ilé, á sì máa kùn pé, "Ẹ jẹ, ẹ jẹ. Adájọ́ ò ní kú bó bá wọ ṣòkòtò dókítà."

Obìnrin náà ló ń se sítáàṣì. Ẹ̀gẹ́ ló fi ń ṣe é, á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi búlúù díẹ̀ sí i tí aṣọ bá jẹ́ funfun. Ọkọ rẹ̀ ló ń lọ aṣọ. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú, àkísà kan ṣoṣo ni mo lọ fún odidi àkókò òjò kan. Àkísà náà ya lójú méje. Ó ní bí mo bá lè lọ ọ́ kó dúró ṣánṣán láìya sí i, mo ti di èèyàn. Mo kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ eérú kúrò lẹ́nu áyọ́ọ̀nù ní ìta, kì í ṣe lórí tábìlì. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tó tutù gbọ́ ohùn rẹ̀: bó bá dún ṣàà, ó ti gbóná jù, bó bá dún ṣì, ó tó. Mo kọ́ bí a ṣe ń sá aṣọ sórí koríko etí odò Kàdúná nígbà ọyẹ́, ká sì kó o kúrò kí eruku ọ̀sán tó gbéra. Gbogbo èyí le, ṣùgbọ́n kò le tó àmì. Bàbá Díákónì gbàgbọ́ pé alágbàfọ̀ tó bá gbé aṣọ fún ẹni tí kò ni ín ti jalè, ìbáà jẹ́ àṣìṣe. "Ọlọ́run kò ní bi ọ́ bóyá o fi sítáàṣì sí i," ó ní. "Á bi ọ́ pé ti ta ni."

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, mo gba òmìnira iṣẹ́ mi, wọ́n gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n n kò lọ. Oníbàárà pọ̀. Ṣòkòtò kúkúrú káàkí, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, aṣọ tábìlì àwọn òyìnbó. Kàdúná ni olú ìlú Àríwá, ìjọba ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ ìjọba, ebi kò ní pa á. Bí a ṣe rò nìyẹn.

Ìjọba yí padà. Nígbà tí Àríwá gba ìjọba ara rẹ̀, tí òmìnira gbogbo orílẹ̀-èdè sì tẹ̀lé e, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kan á kú lórí ọ̀gá mi. Ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ gan-an: "Àkàbà ìgbésẹ̀ mẹ́rin ti kú o. Ìkọ́ olórí méjì ti kú." Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní reluwé bọ́ kóòtù dúdú rẹ̀ fún un ní ibùdókọ̀. Ó ní, "Díákónì, gbà á. Ìwọ lo ti ń tọ́jú rẹ̀ jù mí lọ." Ọ̀gá mi wọ kóòtù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, kò sì wọ òmíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn tó gba àga àwọn òyìnbó kì í wọ ṣòkòtò kúkúrú. Bàbáńrìgá ni wọ́n ń wọ̀, funfun báláú, tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì kún àyà rẹ̀. Ọ̀gá mi kò fẹ́ gbà á.

"Aṣọ tó tó àgọ́ lò ń gbé wá bá mi yìí? Tábìlì wo ló máa gbà á?"

"Bàbá, a ó fi ilẹ̀kùn ṣe tábìlì."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo ti yọ ọ́."

Ìyá Dèbórà pariwo fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n orí tábìlì yẹn la ti rí oúnjẹ jẹ. Oníbàárà wa àkọ́kọ́ nínú àwọn aláṣọ ńlá ni Alájì kan, ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fọwọ́ pa ẹ̀wù tí a kọ́kọ́ lọ fún un, ó mi orí pé ó dára. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán tiwọn wá. Ọ̀gá mi fún Alájì ní àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ: ìlà mẹ́ta tó pàdé ní ìsàlẹ̀. Mo bá onílé kan sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù kejì ní Túdún Wàdá, èyí tí èmi yóò máa bójú tó. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo ń kánjú. Mo rò pé ohun tó kù kò ju kí a ra èédú lọ.

Ohun tí a kò mọ̀ wà nínú ilé àwọn ènìyàn tí à ń fọ aṣọ wọn. Ọ̀gá mi ti gbé Kàdúná pẹ́ ju igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Sábó ló gbé, láàárín àwa ará ìwọ̀-oòrùn. Kò jókòó rí lórí ẹní Hausa kankan. Hausa tó gbọ́ kò ju ti ọjà lọ: èló ni, gbé e wá, ó di ọ̀la.

Ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, ní ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu. Gbogbo Kàdúná ló fẹ́ aṣọ fún ìrun. Ọkùnrin kan wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó di nǹkan mọ́ àyà. Orúkọ rẹ̀ ni Málàámù Dánjúmà, mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì Alájì. Ó tú ìdì náà. Bàbáńrìgá ni, èyí tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti gba ọwọ́ wa kọjá rí. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá òun lọ ọ́ kó tó di àárọ̀.

Ọ̀gá mi yí ọrùn ẹ̀wù náà síta. Ẹsẹ̀ ẹyẹ.

"Ti ta ni?" ó bi í ní Hausa.

"Tèmi ni."

"Tìrẹ?"

"Alájì ló fún mi. Kyáútà ni." Ẹ̀bùn ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Mo wà lẹ́yìn tábìlì, mo ń fẹ́ eérú. Mo rí ọ̀gá mi tó wo bàtà rọ́bà ọkùnrin náà, tó tún wo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà ẹ̀wù náà. Ó yí sí mi, ó fi Yorùbá wí pé, "Àlàó, ẹ̀wù tí èèyàn lè fi ra ẹṣin, wọ́n fún mẹ́séńjà. Ṣé ojú mi jọ ti ọmọdé ni?" Kí n tó dáhùn, ó ti kó ẹ̀wù náà sábẹ́ apá, ó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń ké ní Hausa tí gbogbo àdúgbò gbọ́: "Bàráwò! Bàráwò!"

Ẹ mọ ohun tí igbe olè ń ṣe lójú pópó. Àwọn èrò dé. Alápatà kan tó wà lódìkejì gbé ọ̀bẹ rẹ̀ dání wá. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé kí ló rí. Ó ní, "Mo rí ọkùnrin tó dúró jẹ́ẹ́. Olè máa ń sá. Eléyìí kàn ń tún un wí pé, wàláì, ó fún mi ni, ó fún mi ni. Mo fi ọ̀bẹ mi pamọ́." Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ dé, ó mú Dánjúmà, ó sì mú ẹ̀wù náà pẹ̀lú bí ẹ̀rí. Ọ̀gá mi nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ṣiṣẹ́ fún Alájì.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ìrun Iléyá bá Dánjúmà. Awakọ̀ Alájì ló sọ bó ṣe lọ fún mi. "Alájì ń wò yíká ní pápá ìrun," ó ní. "Ó bi mí pé, Dánjúmà dà? Mo fẹ́ rí ẹ̀wù náà lára rẹ̀. Ẹnìkan bá sọ fún un níbẹ̀, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé alágbàfọ̀ Yorùbá ti ju ú sí àtìmọ́lé. Ó wọ mọ́tò pẹ̀lú láwàní ìrun lórí, ó ní kí n wa òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tó jáde, Dánjúmà ló kọ́kọ́ ní kó wọ mọ́tò."

Mo bi awakọ̀ náà pé ṣé lóòótọ́ ni èèyàn ń fún mẹ́séńjà ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè.

"Hábà, Àlàó! Ẹni ńlá tí kò bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn fúnni, báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ó tóbi? Ẹ̀wù tó dára jù ni wọ́n ń fúnni. Àkísà, ta ni kò lè fúnni ní àkísà?"

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá kó aṣọ tútù wọn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a kò rí iṣẹ́ kankan bí kò ṣe aṣọ àwọn ará ilé wa. Bí mo bá ń lọ sí odò, àwọn ọmọ kéékèèké á máa tẹ̀lé mi, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin: "Mè wankì dan sàńdà! Alágbàfọ̀ ọlọ́pàá!" Onílé Túdún Wàdá rán sí mi pé òun ti fi ṣọ́ọ̀bù náà fún alájàpá. Áyọ́ọ̀nù mẹ́rin tutù lórí tábìlì ilẹ̀kùn. N kò lè jókòó. Mo ń fọ aṣọ tó ti mọ́. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, ó ní kí a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí a lọ máa gbin iṣu.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́," mo wí.

"Bẹ ta ni?"

"Dánjúmà."

"Kí n bẹ ẹni tí mo bá àmì ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àmì kò purọ́ fún mi rí."

"Àmì kò purọ́, Bàbá. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló sọ fún yín. Kò mọ ẹni tó ni ín báyìí."

"Àlàó, má fi ìwé ìròyìn rẹ bá mi sọ̀rọ̀!"

Ìyá Dèbórà wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná tí kò ní ilẹ̀kùn, ó ń sẹ́ sítáàṣì tí ẹnikẹ́ni kò ní lò. Ó nu ọwọ́, ó wọ yàrá, ó sì gbé kóòtù dúdú náà jáde, èyí tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú wa, ó yí ọrùn rẹ̀ síta.

"Bàbá Dèbórà, ti ta ni?"

Ìkọ́ olórí méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú òwú pupa. Ọwọ́ ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló rán an.

"Ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ ti ń bi àwọn ọmọ yìí tí ẹ̀bà wà lẹ́nu wọn. Ti ta ni?"

Ọ̀gá mi fi ìka kan ìkọ́ náà, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn áyọ́ọ̀nù.

"Àti àwọn díákónì yòókù àti pásítọ̀ ló jókòó ti ọkùnrin tó wọ aṣọ olóhun," obìnrin náà ní. "Kò sẹ́ni tó ké olè."

"Ó tó, Ìyá Dèbórà."

"Kò tíì tó. Mo máa tó padà sídìí sítáàṣì mi, nígbà náà ló tó."

A lọ sí ilé Dánjúmà ní Túdún Wàdá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá mi wọ kóòtù náà nínú oòrùn. Nígbà tí ọkùnrin náà yọ sí wa, ọ̀gá mi, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun, fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn. Dánjúmà dì í mú ní èjìká.

"Baba, kí lẹ ń ṣe? Ẹ fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò tún sọ pé mo lu arúgbó?" Ó tẹ́ ẹní. Ó bu omi fún wa. A jókòó. Mo ń túmọ̀, nítorí Hausa ọ̀gá mi ti tán.

"Sọ fún un pé èmi kò bínú sí àmì rẹ̀," Dánjúmà wí. "Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó dùn mí ni pé ó bi mí léèrè, mo dáhùn, kò sì dúró gbọ́. Kí ló fi bi mí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀wù náà ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹ̀rí," Dánjúmà tún wí. "Wọ́n ti fi ń nu ìjókòó, kí n má parọ́. Ẹ lọ gbà á. Ẹ fọ̀ ọ́. Ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́."

Ọ̀gá mi fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Dánjúmà dé láti gbà á, ẹ̀wù náà wà lórí tábìlì ilẹ̀kùn níta, lójú gbogbo èrò, ó ń tàn. Bàbá Díákónì mú abẹ́rẹ́, ó fi awò sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, ìránṣọ kan lẹ́yìn òmíràn. Alápatà kọjá wá wò. Àwọn ọmọ tó ń kọrin dan sàńdà dákẹ́. Nígbà tí òwú pupa ti jáde tán, ọ̀gá mi gbé ẹ̀wù náà lọ́wọ́ méjèèjì.

Dánjúmà ló wá bi í, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀: "Baba, ti ta ni?"

"Ti ẹni tó gbé e wá ni," ọ̀gá mi dáhùn.

Gbólóhùn yẹn di òfin ṣọ́ọ̀bù wa. Láti ọjọ́ náà, a kò rán àmì tó ń bá aṣọ gbé mọ́. Ègé aṣọ kékeré la ń fi òwú funfun so mọ́ ọn, pẹ̀lú àmì ẹni tó gbé e wá. Bó bá dé láti gbà á, a ó já a níwájú rẹ̀. A kì í bi ẹnikẹ́ni pé níbo ló ti rí ẹ̀wù.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan padà bọ̀ sípò. Alájì kò rán aṣọ kankan sí wa mọ́ títí di òní. Bí mo bá rí mọ́tò rẹ̀, mo máa ń kí i, á gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, mọ́tò á sì kọjá. Ẹyin ti fọ́, kò ṣeé kó. Àwọn tó padà ni àwọn mẹ́séńjà, awakọ̀, akọ̀wé kékeré, àwọn tó rí Dánjúmà nínú ẹ̀wù náà ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sì bi í pé níbo ló ti lọ aṣọ. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wá, kì í ṣe ìdì. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, inú kan kò sì lè bí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́lẹ̀, orí igi kan ṣoṣo la so gbogbo okùn wa mọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ ka iye igi tí okùn yín so mọ́.

Bàbá Díákónì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ dáadáa. Ó fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, Ìyá Dèbórà sì gba ilẹ̀kùn ìdáná rẹ̀ padà kí ó tó lọ, ó ní òun kò ní fi í sílẹ̀ fún àwọn bàbáńrìgá. Mo ra tábìlì gidi. Mo ra áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná. Ó fúyẹ́, kò ní eérú, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ẹ̀wù á wà ní ìdajì, ìdajì títẹ́, ìdajì kíká, oníbàárà á sì dúró tì ọ́ lọ́rùn. Nítorí náà, n kò ju ti eléèédú nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú dé, lẹ́yìn ìyẹn ni ṣẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé á fọ náílọ́ọ̀nù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní alẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní àárọ̀, kò fẹ́ áyọ́ọ̀nù, kò fẹ́ sítáàṣì, kò fẹ́ èmi. Mo kórìíra aṣọ yẹn. Mo ní méjì.

Nígbà tí ikọ́ èéfín mú mi lọ́dún tó kọjá, mo fi ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọṣẹ́ mi tí wọ́n ti gba òmìnira lọ́wọ́. Mo rò pé mo ti sinmi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun gba ìjọba. Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn kan ń di ẹrù, àwọn kan ń tú ẹrù tí wọ́n ti dì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbọ́ pé ọ́fíìsì ìlú fẹ́ fọ etí odò mọ́, pé ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tí omi ọṣẹ rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kò ní dúró. Tiwa wà nínú wọn. Àwọn ọmọṣẹ́ mi bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe. Mo ní kí wọ́n má ṣe nǹkan kan kí n tó béèrè.

Mo ránṣẹ́ sí Málàámù Dánjúmà. Ó ti di olórí àwọn mẹ́séńjà báyìí, kò sí ọ́fíìsì tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dé nínú bàbáńrìgá kan náà, ó ti gbó díẹ̀ ní etí. A jọ lọ ní àárọ̀ àná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá lálejò wọ ṣẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó fún wa ní àga.

Mo sọ fún un pé a ti ń fọṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Mo sọ fún un pé a lè wa kòtò fún omi náà sẹ́yìn ilé, kó má dé odò. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pinnu. Mo bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀.

"Àwọn wolé-wolé máa dé lọ́jọ́ Ajé," ó wí. "Wọ́n máa fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ kàn."

Dánjúmà gbé orí sókè. Ó wò mí, ó sì wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ọmọ mi," ó bi í, "ṣé wọ́n máa bi àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ àmì náà, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ tán?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Àmì ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, Bàbá," ó dáhùn. "Wọ́n ní ìbéèrè máa tẹ̀lé e."